Ẹnu Tí Kámẹ́rà Kò Ní

Ọdún 1974 ni ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde. Fún ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí obìnrin kan tó gbé e dání wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ màmá mi ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, pé, "Ìyá Bùkọ́lá, irú aṣọ tí Àṣàkẹ́ wọ̀ nínú ìwé yìí ni kí ẹ rán fún mi." Àfi ìgbà tó di 1997 tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù. Kò pẹ́ rárá tí ìró tó ń gbálẹ̀ fi di èyí tó mọ ní orúnkún, tí bùbá kúrú, tí orúkọ aṣọ náà sì di Olékú. Àwọn oníbàárà kò dárúkọ ìwé, wọn kò dárúkọ òǹkọ̀wé. Olékú ni wọ́n fi ń dúnàádúrà. Ẹ̀rín ni màmá mi ń rín. Wọ́n ní ohun táwọn wọ̀ nígbà táwọn wà ní ọmọge nìyẹn, táwọn kó tì sínú àpótí. Wọ́n ṣí àpótí náà, wọ́n yọ bùbá kan jáde, wọ́n tú ojú ìrán rẹ̀ palẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pépà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà á yí ká. Pátánì yẹn ni wọ́n fi gé Olékú fún gbogbo àdúgbò.

Mo sọ èyí torí pé àwa tí a fẹ́ràn ìwé máa ń fi ọwọ́ kékeré mú ohun tí fíìmù lè ṣe. A ti ka ìwé, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n yọ kúrò. A kì í ka ohun tí wọ́n fi kún un. Ìṣọ̀lá lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọbìnrin kan múra dáadáa, kálukú wa a sì fi ojú inú tirẹ̀ wọṣọ fún un. Kèlání kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó ní láti wá aṣọ gidi, ó ní láti pinnu ibi tí ìró máa mọ, ó ní láti mọ irú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ń rí ní títì nígbà náà. Nígbà tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, sáà kan tó ti kọjá lọ padà wá bá wa, àwọn obìnrin sì gbé e wọ̀ lọ sí òde ìgbéyàwó.

Ìbéèrè tó máa ń jáde lẹ́yìn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni pé, "Ṣé ó bá ìwé mu?" Ó ti sú mi. Ìwé olójú-ewé igba kò lè wọ inú wákàtí méjì kó má dín, ta ni kò mọ̀? Ohun tí èmi máa ń fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Tí mo bá ń kàwé, ẹnìkan wà tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí ìtàn ṣẹlẹ̀ sí. Òun ló ń fi àwọn èèyàn inú ìwé ṣẹ̀fẹ̀, tó ń ṣàánú wọn, tó ń purọ́ fún mi tí mo sì ń gbà. Ẹni yìí gan-an ni fíìmù kọ́kọ́ ń lé jáde nílé. Tí wọ́n bá ti lé e, ta ni wọ́n fi jókòó sí àyè rẹ̀?

Ó Le Kú kò ní ìṣòro yìí púpọ̀. Ìṣọ̀lá jẹ́ òǹkọ̀wé eré, òun ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó jáde ní 1970, àwọn èèyàn rẹ̀ sì mọ ọ̀rọ̀ sọ fúnra wọn. Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn náà, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ti ń bá ara wọn tàkurọ̀sọ nínú ìwé kí kámẹ́rà tó dé. Yẹmí Ṣódìmú, tó ṣe Àjàní nínú fíìmù, kàn ní láti la ẹnu ni.

Ẹ wá wo ti Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, tí wọ́n bí ní 1920. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, bàbá kan fún ọmọ rẹ̀ ní oko ọ̀pẹ, igi ọ̀pẹ tó sì wà nínú oko náà jẹ́ 560,000. Adẹ́mu kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀, yóò gbé agbè ẹmu 150 wá, ọ̀gá yóò sì ti mu ún gbẹ kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Nírọ̀lẹ́, yóò tún gbé 75 wá. Olùsọ̀tàn kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ìṣirò ló ń ṣe.

Ẹ gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ kí ẹ wo ohun tí yóò rí: igbó ọ̀pẹ. Ẹ lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kí igbó náà lọ títí dé ibi tí ojú ò ká mọ́, igbó ọ̀pẹ náà ni. Ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ kò sí nínú ọ̀pẹ, inú òǹkà ló wà, nínú bí ọkùnrin yẹn ṣe kà á láìṣẹ́jú. Síwájú sí i nínú ìwé, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ ilé kan tó wà nínú igi funfun, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà ní £70:18:6d, wọ́n sì yá a ní ẹ̀rù wọn, kó máa san èlé £3:10:0d lóṣooṣù. Torí náà, wọn kò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà gba ẹ̀rù wọn, ẹ̀rù ṣì lè bà wọ́n. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ya fọ́tò ikú tí wọ́n ń tà, tí wọ́n tún ń gba ṣẹ́ńjì kọ́bọ̀? Ẹnu nìkan ló lè ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ni Tutùọlá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ará Aké ni.

Ẹni tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ìwé yìí kò lo kámẹ́rà rárá. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni, ní 1963, lórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀mùtí ni wọ́n pe eré náà, Demas Nwoko ló ṣe ọ̀nà sí ìtàgé. Ògúnmọ́lá kò bá Tutùọlá díje nínú ìṣirò. Ó sọ ọ̀mùtí náà di Lánkẹ́, ó sì fi orin sí i lẹ́nu, orin Yorùbá. Olùsọ̀tàn lọ, olórin dé. Àwọn tó ń wò ó kò béèrè pé igi ọ̀pẹ mélòó ló wà lóko, torí pé orin ti sọ fún wọn irú ẹni tí Lánkẹ́ jẹ́. Mi ò tíì rí fíìmù kan tó gbé ìwé yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé tí òǹkọ̀wé bá ti wà níbi iṣẹ́, ìyẹn ti tó. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí Kongi's Harvest. Ní 1970, Ossie Davis, ará Amẹ́ríkà, sọ eré Wọlé Ṣóyínká yìí di fíìmù. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló ṣe Kongi. Ojú rẹ̀ la rí, ohùn rẹ̀ la gbọ́, síbẹ̀ nígbà tí fíìmù náà parí, ó ní òun kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ìwé ti Adébáyọ̀ Fálétí náà, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tí Adé Love sọ di Ìjà Òmìnira ní ìparí àwọn ọdún 1970, ẹnu tó ju ẹyọ kan lọ ló ń sọ ọ́ nínú ìwé: ẹnìkan á sọ dé ibì kan, á fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kámẹ́rà kò mọ irú ìfilénilọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa. Ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo wọn.

Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ yìí, Kèlání ni mo rò pé ó tètè rí ìṣòro náà. Èkó ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló ti dàgbà, bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ẹ wo Ṣaworoidẹ, 1999. Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́ fún fíìmù, ìwé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí àwọn ìwé tó kù gbà wá ni èyí gbà padà. Ta ló ń sọ ìtàn náà fún wa? Ọ̀pálábá ni, tí Fálétí ṣe. Ó jókòó sí ààfin, kì í ṣe ìjòyè, kì í ṣe ẹrú, ó ń pòwe sí wọn létí, wọ́n sì ń rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Olùsọ̀tàn inú ìwé ni wọ́n wọ agbádá fún, tí wọ́n ní kó wá jókòó láàárín àwọn òṣèré. Wọ́n tún fi ẹnu kejì sí i: ìlù. Ẹni tí kò bá búra bó ṣe yẹ, tó wá dé adé náà, bí wọ́n bá ti lu ṣaworoidẹ, orí yóò fọ́ ọ, yóò sì kú. Nígbà tí Làgàta, sójà tó fi ìbọn gba ìlú, gbé adé lérí tí ìlù sì dún, ẹnikẹ́ni nínú wa kò nílò àlàyé mọ́. Ilé ẹlòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, fídíò kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yá. Bàbá onílé, tí kì í bá wa wo fíìmù, dìde dúró níbi tí ìlù yẹn ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì jókòó mọ́ títí ó fi parí.

Màámi ńkọ́? Ìwé kékeré Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ni, orúkọ Okinba Launko ló fi kọ ọ́ ní 1987. Abẹ́òkúta ni Kèlání ti ya fíìmù rẹ̀ tó jáde ní 2011, Fúnkẹ́ Akíndélé sì ni ìyá. Wọ́n sọ ọmọ náà di agbábọ́ọ̀lù Arsenal, gbogbo orílẹ̀-èdè ń retí bóyá yóò gbá bọ́ọ̀lù fún wa ní ife àgbáyé 2010, ohun tí kò lè sí nínú ìwé 1987. Apá bọ́ọ̀lù yẹn kò wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti rántí ìyá rẹ̀ tí a padà sí ìgbà èwe, inú mi a dùn. Abẹ́òkúta tí mo mọ̀ ni: páànù tó ti dípẹtà lórí òkè lórí òkè, àti òṣì tí wọ́n ń fi àwàdà bò mọ́lẹ̀. Ìwé ní kí n fojú inú wo ìlú kan. Fíìmù ní kí n wo ìlú mi. Mo gbà.

Ọ̀rọ̀ ìlú mi yìí ló mú mi dé orí Aké, ìwé tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tó jáde ní 1981, tí Ìṣọ̀lá sì tún túmọ̀ sí Yorùbá. Ní apá ìparí rẹ̀, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí, wọ́n sì dó ti ààfin. Ọmọdé ló ń wò ó. Ó ń sáré jíṣẹ́, ó ń gbọ́ ohun tí kò yé e, ó ń rí àwọn àgbà tó mọ̀ nílé tí wọ́n di ẹlòmíràn lójú rẹ̀. Ní 2024, fíìmù Bọ́lánlé Austen-Peters lórí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dé sinimá. Inú ìwé Ṣóyínká kọ́ ni wọ́n ti mú un, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìdìde tó mú Aláké Adémọ́lá kejì kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Nínú fíìmù, ìyá náà ló wà láàárín, a mọ ẹni tó jàre láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìyá yẹn tó ẹni tí à ń fi fíìmù gbé ga, Kẹ́hìndé Bánkọ́lé sì ṣe é bí ẹni tí kò sinmi. Síbẹ̀, mo wá ọmọdé yẹn títí. Nínú ìwé, ẹ̀rín àti ẹ̀rù jọ ń bọ̀ ni, torí pé ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì mọ̀ pé ìtàn ìlú ló ń ṣẹlẹ̀ lójú òun. Fíìmù mọ̀ jù.

Tí mo bá fẹ́ rí ibi tí nǹkan ti dùn tó tún ti bàjẹ́ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, Ẹlẹ́ṣin Ọba ni mo máa ń padà sí. Eré Ṣóyínká ti 1975 ni, lórí ẹlẹ́ṣin tó yẹ kó bá ọba rẹ̀ kú tí òyìnbó dá dúró, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tí Dúró Ládiípọ̀ náà ti fi Ọba Wàjà ṣeré ṣáájú rẹ̀. Bíyì Bándélé ló darí fíìmù náà. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2022, Netflix sì gbé e jáde ní oṣù kọkànlá. Bándélé ṣe ohun tí inú mi dùn sí jù: ó dá ọ̀rọ̀ àwọn ará ọjà padà sí Yorùbá. Ìtàgé ti jẹ́ kí a gbọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún pípẹ́, Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀dúnladé Adékọ́lá, tó ṣe Ẹlẹ́ṣin, wọ ọjà, tí Olóhùn-iyọ̀, tí Brymo ṣe, ń kọrin tẹ̀ lé e, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti délé. Ìlànà Ògúnmọ́lá náà ni: orin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùsọ̀tàn.

Ibi tó ti bàjẹ́ ni ibi tí Ẹlẹ́ṣin ti ń jó lọ bá ikú. Nínú ìwé, ohùn méjì ló ń dá ara wọn lóhùn: Olóhùn-iyọ̀ ń béèrè bóyá ó ṣì ń gbọ́ òun, Ẹlẹ́ṣin ń dáhùn láti ibi tó ń jìn sí i. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbé e lọ, kò sí ohun mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń kà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Fíìmù kánjú kọjá níbẹ̀. Ó fẹ́ kí òyìnbó tètè dé kó wá dá a dúró, torí pé ìyẹn ni ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣóyínká sì ti kìlọ̀ níwájú ìwé rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà òyìnbó àti àṣà wa. Bándélé mọ̀, ó dá mi lójú. Kámẹ́rà ni kò ní sùúrù fún ẹni tó jókòó tó ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn ìwé aláwòrán, àwọn ọmọ òde òní rò pé láti Amẹ́ríkà ló ti wá bá wa. Ìwé ìròyìn aláwòrán tí wọ́n ń pè ní Atọ́ka ti wà nílẹ̀ láti 1967. Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjó ni wọ́n máa ń ṣe eré wọn níwájú kámẹ́rà fọ́tò, wọn á to àwọn fọ́tò náà sójú ewé, ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré á sì wà nínú àyè funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Bàbá mi ní ìdì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí fọ́tò kan dáadáa: ìyálé na ìka sí ìyàwó, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ gùn débi pé àyè funfun náà bo èjìká ìyàwó àti ìdajì fèrèsé. Kò sí ẹni tó kà á sí àbùkù. Ọ̀rọ̀ la rà á fún. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti gbà sọ eré di àwòrán nílẹ̀ yìí, òun nìkan ló fi ẹnu sílẹ̀ sójú àwòrán láìtijú. Àwọn ẹgbẹ́ eré wọ̀nyẹn ló sì padà wọ sinimá. Ògúndé gbé Aiyé láti orí ìtàgé lọ sójú fíìmù ní 1979.

Èyí tó wà lóde báyìí ni Iyanu. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yà á, ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021. Ó di kàtúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin 2025, Okupe fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni Iyanu, ìlú Elu ló ń gbé, ó wá rí i pé agbára kan wà lára òun. Orúkọ Yorùbá, ilé Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi ń wò ó lórí fóònù, màmá mi jókòó tì í. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń yára jù fún wọn. Wọ́n ń béèrè ṣáá: "Kí ló wí? Ta nìyẹn? Kí ló dé tó ń sá?" Ọmọ náà bínú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn. Kò pẹ́ tó fi ń fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ẹranko yẹn kì í ṣe ẹranko burúkú, wọ́n fi nǹkan ṣe é ni. Ó ní ọmọbìnrin yẹn gbọ́n jù ìyá tó tọ́ ọ lọ, màmá mi ní irọ́ ni. Nígbà tó fi máa parí, ìtàn méjì ló wà nínú pálọ̀ mi, èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn ló sì wù mí láti tẹ̀ lé.

Mi ò fi èyí bú Okupe o. Kàtúùnù rẹ̀ dára sójú, ó sì bọ̀wọ̀ fún ìwé tó ti wá ju ọ̀pọ̀ fíìmù lọ. Ìdí ni pé ìwé aláwòrán sún mọ́ kàtúùnù, wọ́n ti pinnu ojú àti aṣọ tẹ́lẹ̀. Ohun tí à ń pè ní olùsọ̀tàn kò pọ̀ nínú rẹ̀ láti pàdánù.

Ti Fágúnwà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí fíìmù ńlá, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya iwin Àgbákò pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún rẹ̀. Ìwé yẹn ti wà láti 1938. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kà. Igbó kọ́ ni a ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló wá bá òǹkọ̀wé nílé, tó ní kó mú kálámù àti tákàdá, kó kọ ohun tí òun bá sọ. Lọ́jọ́ kejì, èrò ti péjọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i, wọ́n ń jókòó sí àgbàlá, wọ́n ń retí bàbá náà, Àkàrà-ògùn. Gbogbo iwin tó wà nínú ìwé yẹn, ẹnu bàbá náà ni wọ́n ti ń jáde sójú àwọn tó jókòó.

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀rọ̀ yìí títí. Wọ́n ní tí wọ́n bá sanwó wọ sinimá, Àgbákò ni wọ́n fẹ́ rí, pé èrò tó jókòó sí àgbàlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún. Mo ní kí wọ́n mú ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kí wọ́n fi àgbàlá sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ogún ni mo fẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí bàbá náà dá Àgbákò dúró lẹ́ẹ̀kan láàárín ìjà láti béèrè omi mímu.